Àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa tẹ̀lé ọkọ̀ ìtọ́jú lọ sí abúlé Ìjẹ̀bú: kí la máa fi kọ́ wọn?

Tísà Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ nọ́ọ̀sì méjìlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Wọn yóò máa tẹ̀lé ọkọ̀ ìtọ́jú lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ògbèrè, títí dé ìhà J4 nínú igbó Ọmọ, àti àwọn abúlé etí omi ní ìhà Abìgì àti Makun-Omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo ní.

Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n mo kó mẹ́ta nínú wọn lọ wo abúlé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kò sí dókítà nítòsí, kò sí láàbù, abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Mà, tí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn ńkọ́?" Mi ò rí èsì gidi fún un lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wá síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, àti ẹ̀yin ọmọ àwọn abúlé wọ̀nyẹn, kí ni kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí kọ́ wọn?

Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi ọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1988 ni èmi kọ́kọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí oko. Ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlíkóyè Ransome-Kuti ni, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí lọ́dún 1927. Òun ni mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ìgbà rẹ̀ sì ni ètò ìlera alábọ́ọ́dé wọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dáadáa. Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ mi ni kí n mọ orúkọ àrùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì inú oko ni kó mọ ẹni tó lè máa lọ sílé, ẹni tó lè gba oògùn kó sì padà wá, àti ẹni tí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ ṣú bá ní abúlé. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ya ara wọn, ẹ̀rù kò ní bà á mọ́.

Nítorí náà, kọ́ wọn ní àmì ewu títí wọn yóò fi lè kà á lójú oorun. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5: kò lè mu ọmú tàbí omi, ó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, gìrì mú un, tàbí ó ń sùn lọ tí kò mọ ibi tó wà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tó, kí wọ́n wá ọkọ̀. Kí wọ́n ka èémí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nígbà tó dákẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ń sunkún. Tó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 títí dé ọdún 5, òtútù àyà ni kí wọ́n fura sí. Tí ìsàlẹ̀ àyà bá tún ń wọnú bó ṣe ń mí, ọsibítù ni.

Fún aboyún: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀, gìrì, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ tó wú, ọmọ tí kò yí mọ́ nínú. Kí wọ́n má ṣe sọ fún aboyún tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ 160 lórí 110 pé kó lọ sinmi kó padà wá lọ́la. Mo ti rí ohun tí "lọ́la" ṣe. Mi ò lè gbàgbé obìnrin náà títí di òní.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, má lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú kíláàsì.

Ọmọ Makun-Omi

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mi ò kí ń ṣe nọ́ọ̀sì. Èkó ni mò ń gbé, Makun-Omi ni wọ́n bí mi sí, màmá mi ṣì wà níbẹ̀.

Ní bíi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n pín fìlà, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni màmá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, wọ́n sì lọ. Wọn kò padà wá mọ́. Màmá mi lo oògùn náà tán, ara rẹ̀ yá, ó rò pé àìsàn náà ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà. Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí apá rẹ̀ òsì kú tipiri lórí ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́run yọ wá, ó ti ń lo ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yín kò pọ̀. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá, kí wọ́n sì wá lọ́jọ́ náà. Tí wọn kò bá lè padà wá, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ oògùn tí a kì í dá dúró láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ibi tí aláìsàn yóò ti máa rà á.

Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí Màmá. Gbogbo ohun tí mo kọ lókè, tiyín ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Bàbá Olóko, J4

Mo kí gbogbo yín. Oko kòkó ni mo ń ṣe níbí láti ọjọ́ pípẹ́, igbó tí erin ṣì wà ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ dá sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá láti ìlú ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ní Ọjọ́rú gbogbo làwọn yóò máa wá. Ọjọ́rú kan á bọ́ sí ọjọ́ ọjà, èyí tó tẹ̀lé e á bọ́ sí ọjọ́ oko, kò sẹ́ni tó máa wà nílé. Ọjà ọlọ́rọọrún ni tiwa: tí a bá ná an lónìí, a ó tún ná an ní ọjọ́ karùn-ún tí a bá ka òní mọ́ ọn, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí. Mo wá ṣírò rẹ̀ fún ọmọ kan tó jẹ́ CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, tó máa ń wá síbí. Mẹ́rin lọ́nà méje, 28. Méje lọ́nà mẹ́rin, 28. Tí ẹ bá ń wá ní ọjọ́ 28 sí 28, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ni yóò máa jẹ́, ọjọ́ ọjà ni yóò sì máa bọ́ sí. Àwọn obìnrin á ti mọ̀, wọn kò ní fi ọjà sílẹ̀ torí yín, ẹ̀yin ni ẹ máa bá wọn lọ́jà. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè o, nítorí àwọn ọjà kan wà tó jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ìṣirò yìí kò ní bá ti wọn mu.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọlé, ẹ lọ kí Báálẹ̀, kí ẹ sì kí Ìyálọ́jà. Ẹ béèrè ọjọ́ orò lọ́wọ́ wọn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kì í sì í rí Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú. Nígbà tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń ti ìlú wọn lọ sí Ìmòsàn, ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ lè má ṣeé gbà. Ní ìhà Rẹ́mọ, Orò náà ń bẹ. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ yẹn sínú kàlẹ́ńdà yín kí ẹ tó kọ ọjọ́ àjẹsára.

Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lóko, wọ́n ti Benue wá, wọ́n ti Kútọnu wá, Ègbìrà wà níbẹ̀. Inú ahéré ni wọ́n ń gbé, wọn kì í wá sí àárín abúlé tí ẹnikẹ́ni kò bá pè wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ló máa ń rù jù. Ẹ wá ẹnì kan láàárín wọn tó gbọ́ Yorùbá, kí ó máa bá yín rìn.

Òṣìṣẹ́ Àjẹsára, ọmọ Ìlèsè

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí ìṣirò yín yìí ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìlèsè-Ìjẹ̀bú ni mo ti jáde, àjẹsára ni iṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ máa ń gba pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló sì wà láàárín wọn. Oògùn ibà tí aboyún máa ń mu láti oṣù kẹrin kí ibà má baà wọ inú ilé ọmọ, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, oṣù kan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì. Tí ẹ bá fún oníẹ̀jẹ̀-ríru ní oògùn ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ méjì á ṣẹ́ kù kí ẹ tó padà dé. Gbogbo rẹ̀ wọnú ọjọ́ 28.

Ní ti kúlà: ìwọ̀n 2 sí 8 ni àjẹsára ń fẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n yìnyín náà ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Pẹ́ńtà tó bá dì ti bàjẹ́, bó tiẹ̀ yọ́ padà. Ẹ má gbé páàkì yìnyín láti inú fíríìsà sínú kúlà tààrà. Ẹ gbé e kalẹ̀ títí tí ẹ bá mì í tí ẹ á gbọ́ omi tó ń dún nínú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín kó tó di pé ó lọ.

Ẹ kọ́ wọn ní àmì tó wà lára ìgò. Igun mẹ́rin kékeré kan wà nínú róbótó. Tí igun mẹ́rin náà bá ṣì funfun ju róbótó lọ, ẹ lò ó. Tí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti inú bá ti dúdú jù, ẹ jù ú nù. Abẹ́rẹ́ èéyi àti BCG, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ẹ ti po, wákàtí 6 ni, ó tán. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti da ìgò nù nígbà tí ọmọ méjì péré wá. Ẹ dà á nù.

Ohun kan tí àwọn tó ti wọ́ọ̀dù wá kì í rántí: oxytocin tí a ń gún fún ìyá lẹ́yìn ìbí náà ń fẹ́ òtútù. Tí kúlà kò bá dájú, misoprostol oníhóró ni kó wà nínú àpò, òun kò nílò yìnyín.

Awakọ̀, Ṣágámù

Mo ti wa ọkọ̀ àwọn elétò ìlera fún ọdún mọ́kànlá. Kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan mọ bí a ṣe ń so ẹrù mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀nà oko máa fọ́ ìgò. Kí wọ́n mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ibòmíì, orí òkè kan ṣoṣo ni, tí aláìsàn bá dàrú ẹ ò ní lè máa wá a nígbà náà. Kí wọ́n ní nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì àti ọlọ́kọ̀ ojú omi kan. Lákòókò òjò, tí mo bá ní ká máa lọ ní aago mẹ́ta, kí wọ́n dìde.

Nọ́ọ̀sì kékeré, Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọdún kejì mi rèé lórí ọkọ̀ ìtọ́jú, mi ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọn kò kọ́ èmi ní ilé ẹ̀kọ́.

Wọn kò kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá kan gbé ọmọ dé, ó ní, "Gìrì ló mú un." Mo dáhùn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ gìrì, ibà ló wọ ọmọ lórí. Ojú obìnrin náà yí padà. Kò sọ ohun tí wọ́n ti fún ọmọ náà mu fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ju mí lọ ló jókòó tì í, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìdààmú. Kí lẹ kọ́kọ́ fún un nígbà tó mú un?" Ibẹ̀ ló ti jáde pé àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò ni wọ́n rọ sí i lẹ́nu. Èyí tó ń pa ọmọ náà lọ nìyẹn, yàtọ̀ sí ibà tó wà lára rẹ̀. Tí èmi nìkan bá wà níbẹ̀ ni, mi ò bá má mọ̀. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ibà, wọ́n ki àtísúnéètì, oògùn ibà, sí ihò ìdí rẹ̀, ọlọ́kadà gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà yè.

Látìgbà náà, mo ti ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá sí: jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, ibà pọ́njú, oyún tó ń sá wọ ẹ̀yìn. Mo ń bi wọ́n pé, "Báwo ló ṣe máa ń ṣe yín?" kí n tó sọ èrò tèmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjìlá yín ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ kí àwọn ìyá àbíyè àti àwọn tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìjọ. Aboyún máa lọ bá wọn, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀. Ìyá àbíyè kan wà tó máa ń pè mí lórí fóònù báyìí, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ fún un ní ìbọ̀wọ́ àti abẹ tuntun, tí mi ò sì bú u.

Dókítà, Ṣágámù

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo fẹ́ ta kò wá díẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ kó lé àwọn nọ́ọ̀sì yìí lórí ti ń pọ̀ jù. Àjẹsára, aboyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọmọdé, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi kan, wọn kò ní ṣe ọ̀kankan dáadáa. Tèmi ni pé kí wọ́n fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe aboyún àti ọmọdé nìkan. Lọ́dọ̀ wa ní OOUTH, ọsibítù yunifásítì tó wà ní Ṣágámù, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ láìsí lẹ́tà ló ń fún wa níṣòro jù. Ẹ kọ́ wọn ní lẹ́tà: àkókò tí wọ́n rí aláìsàn, ohun tí wọ́n wọn, oògùn tí wọ́n fún un àti ìwọ̀n rẹ̀. Ìlà márùn-ún ti tó.

Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́

Dókítà, lẹ́tà yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a lé àgbàlagbà padà. Ìyá ọkọ ló ń gbé ọmọ wá fún àjẹsára. Tí a bá ní kí òun má jókòó sí ibi ẹ̀rọ BP tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kò ní gbé ọmọ wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ọmọ Makun-Omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ara wọn: mẹ́rin ní ìhà ọmọdé, mẹ́rin ní ìhà aboyún, méjì fún àgbàlagbà, méjì fún ìwé. Kí wọ́n máa yí i ká kí gbogbo wọn mọ gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ń wọn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn rẹ̀ ti nǹkan, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù ọjà kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ pé ó ti kọjá 140 lórí 90.

Dókítà, Ṣágámù

Bí ẹ ṣe pín in yẹn, Mà, mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń wọn apá ọmọdé kún un. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 tí tépù bá bọ́ sí pupa fún, ìyẹn ni pé apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, kò yẹ kó padà sí ahéré lásán. Àwọn ọmọ tí Bàbá Olóko sọ ni mo ń rò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ékòó

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń jáde fún Ojúde Ọba, aṣọ àti ẹṣin a máa pé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gba abúlé kan, kó máa san owó epo bẹntiróòlù àti ti ọkọ̀ ojú omi fún ọdún kan. Mo ti gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ tèmi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ wá. Ẹ fi iye tó máa náni ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ kan sí i. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010 lórí bí òṣìṣẹ́ ìlera kò ṣe ní máa sá kúrò ní ìgbèríko, gbígba ọmọ ìgbèríko fúnra rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ wà níwájú. Nínú àwọn méjìlá yìí, mélòó ló jẹ́ ọmọ ìhà ibẹ̀?

Tísà Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn ọmọ náà láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dé ibi màmá tó wà ní Makun-Omi, ọ̀kan nínú wọn jáde síta.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ ìhà ibẹ̀ nínú wọn, Ìwòpin ni wọ́n bí i sí. Mo ti fi í ṣe olórí àwọn tí yóò máa lọ sí etí omi. Èyí kò tó, mo sì ti kọ ọ́ fún àwọn tó rán mi níṣẹ́ pé kí wọ́n wá ọmọ Abìgì àti ti Ògbèrè fún ìdá tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan la ó lò nínú kíláàsì: àmì ewu, kúlà, lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ kejì, J4. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ ọjà yín ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì bá mi sọ fún Báálẹ̀ pé mò ń bọ̀ wá kí wọn kí a tó gbé ọkọ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, etí omi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ó jókòó ṣàtúnṣe sí ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ 28 gééré, ibi tí a ti kọ́kọ́ lọ la ó padà sí, pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn tí a rí níjọ́sí. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni pé ó parí ẹ̀kọ́ títí a ó fi ṣe ìpadàbọ̀ yẹn, kí n lè rí i pé wọ́n wá àwọn tí kò yọjú kàn nílé wọn.

Ohun tó kù mí kù ni ọkọ̀ ojú omi. Ta ló mọ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dáa, tó sì ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, fún ènìyàn mẹ́jọ?

Ọmọ Makun-Omi

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ rẹ̀ dáa. Ẹ̀wù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, a ó ra mẹ́ta kún un. Ẹ dá ọjọ́ náà kí n pe Màmá lálẹ́ òní. Káàdì tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí níjọ́ kìíní ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, màá ní kó mú un dání.